Ẹni Wa Ni, Ẹ Fún Un

Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ń gbé wá bá òṣìṣẹ́ lórí tábìlì, kò sí èyí tó ń tètè rí ìfọwọ́sí bíi fọ́ọ̀mù onídùúró. Ìwé ìsinmi ọdún, a ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má baà yọ ọjọ́ kan kúrò nínú tiwa. Kúẹ́rì tí ọ̀gá kọ sí wa, a ó gbé e relé, a ó fi han ẹni tó mọ̀wé jù wá lọ kí a tó dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá na fọ́ọ̀mù alájẹṣẹ́kù sí wa, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i, ibi tí mo sàmì sí yẹn ni," bírò ti jáde lápò kó tó dákẹ́. A kì í wo iye owó. A kì í bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò lè ka iye ènìyàn tí wọ́n ti dúró fún mọ́, torí lójú tiwọn, oore ni wọ́n ṣe, ta ló sì ń kọ oore sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí le. Ó ní bí Lágbájá kò bá san, kí wọ́n mú un nínú owó tí èmi ti fi pamọ́, bí ìyẹn kò bá sì tó, kí wọ́n máa gé e nínú owó oṣù mi títí yóò fi pé. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni à ń fọwọ́ sí lórí ìdúró, nígbà tí a ń jáde lọ jẹun ọ̀sán.

Mo fẹ́ mọ ibi tí ìyára yìí ti wá, torí mi ò gbà pé olè ni gbogbo ẹni tó ń ba ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ níbi iṣẹ́. Olè wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó àwọn ènìyàn rere tó ń ṣojúure fún ẹni tiwọn, àwọn ènìyàn rere yìí ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún olè.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó owó jọ lápapọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ti ń dá èsúsú: iye kan tí gbogbo wọn fẹnu kò sí, ọjọ́ kan, ibi kan, kí oníkálukú máa kó o bó ti kàn án títí yóò fi kárí. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí káàdì. Kí ló wá ń mú kí ẹni tó kọ́kọ́ kó o máa dá a lọ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kó tirẹ̀? Ìtìjú ni. Ojú ń ti òun, ojú sì ń ti àwọn ará ilé rẹ̀. Johnson yìí kan náà sọ ti ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó ti ajigbèsè. Ológò á wọ agbo ilé, á pariwo, á bú ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, adìẹ tó bá sì rí, á mú un láì bèèrè ẹni tó ni ín. Ìwàkiwà ni, mi ò sì fẹ́ kó padà wá. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń sọ gbèsè ẹnì kan di ìyọnu gbogbo agbo ilé, débi pé àwọn ẹbí fúnra wọn ni yóò dojú kọ ajigbèsè pé kó lọ wá owó olówó. Torí pé ènìyàn jẹ́ ọmọ ilé kan ló ṣe ń san gbèsè.

Lóde òní, torí pé ènìyàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan ló ṣe ń rí ọ̀nà má san án. Ibi tí ìwà ti yí padà gan-an nìyẹn. Àwọn tó yẹ kó bá ajigbèsè wí ló ń fi ara wọn dí i kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Mi ò ní parọ́ pé àwọn àtijọ́ mọ́ jù wá lọ. Alájọ ń jẹ owó olówó nígbà náà, àwọn baálé ń jẹ owó ẹbí. Ohun tí wọn kò ní ni ibi tí wọn yóò fara pamọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán.

Ìjọba amúnisìn ló gbé alájẹṣẹ́kù onífọ́ọ̀mù wá. C. F. Strickland, tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Íńdíà, ló wá wo ilẹ̀ Nàìjíríà, ó gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1934, òfin sì tẹ̀ lé e ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ìwọ̀-oòrùn gbá a mú, Ìbàdàn sì di ojúkò rẹ̀. Níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ alájẹṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ ní 1943, níbẹ̀ ni báǹkì tiwọn, Co-operative Bank, ti ṣí ní 1953, níbẹ̀ náà ni Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti ṣe aṣáájú wọn. Nínú ìpàdé àwọn àgbẹ̀ yẹn, owó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé pe orúkọ, onítọ̀hún dìde, akápò kà á sétí ìgbọ́ wọn. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ mú wá, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́.

Ti ọ́fíìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti orísun ni wọ́n ti ń gé e, kí owó oṣù tó kan àkáǹtì ẹni. Ìrọ̀rùn ńlá ni, òun ló sì mú kí alájẹṣẹ́kù ilé iṣẹ́ lówó lọ́wọ́ ju ti ọjà àti ti àdúgbò lọ. Ọ̀pọ̀ ilé tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé ní ilẹ̀ yìí, owó alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi ra bíríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn mú nǹkan kan lọ tí a kò fura. Bí owó bá ti ń wọlé fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, àwọn alákòóso kò nílò kí o fọkàn tán wọn mọ́ kí wọ́n tó rí i gbà, ìwọ náà kò sì nílò kí o rójú wọn kí o tó san án. Ènìyàn lè dá owó fún ogún ọdún kó má mọ orúkọ akápò. Ìpàdé wá ṣófo. Ibi tó ṣófo yẹn ni ẹgbẹ́ inú ẹgbẹ́ ti ń hù.

Ẹ mọ̀ wọ́n: àwọn ará ìlú kan náà, àwọn ọmọ ìjọ kan náà, àwọn tó jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ọ́fíìsì, àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ lọ́dún kan náà, ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹ̀ka awakọ̀, àwọn ọ̀gá lọ́tọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kékeré lọ́tọ̀. Mi ò bá wọn jà. Bí bàbá ẹni bá kú, àwọn ni wọ́n ń ra ankárá, tí wọ́n ń háyà bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń bá ni dé abúlé. Nígbà tí báǹkì ní kí òjíṣẹ́ mú ìwé ilẹ̀ wá kí òun tó lè yá a ní ₦200,000, àwọn ẹni tirẹ̀ ló ní kó máa bọ̀. Ẹni tí kò bá ní irú wọn nílé iṣẹ́, aláìlẹ́nìkan ni, a kì í sì í fi aláìlẹ́nìkan ṣe àwòkọ́ṣe.

Òwe kan wà tí gbogbo wọn ń fi gbe ara wọn lẹ́sẹ̀: ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Kò sí àléébù lára òwe náà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ń sọ, ti ẹni tó ń pa á ni. Ìdí ọmọ tó bá wù ú ló lè fi í sí. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lápò alájẹṣẹ́kù, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn ló ni ín. Ẹni tó bá fi í sídìí ọmọ tirẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ onílé ló ń fi ṣe ọmọ rẹ̀ lóge.

Mo mọ ọ́fíìsì kan tí obìnrin agbálẹ̀ kan ti kọ orúkọ sínú ìwé àwọn tó ń dúró de lóònù ní oṣù Kẹjọ, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Kó tó kàn án, ọ̀gá kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó, tí òun àti alága jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan, mú fọ́ọ̀mù wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, owó ti wọ àkáǹtì rẹ̀. Màmá lọ béèrè. Akọ̀wé dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Màmá, ẹ má bínú sí wa, ti ọ̀gá yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni." Mọ́tò ni ọ̀gá fi rà. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù nínú ìwé ẹgbẹ́ o. Bí ayẹ̀wé-owó-wò bá dé, yóò rí fọ́ọ̀mù, yóò rí onídùúró méjì, yóò rí ìfọwọ́sí alága, yóò sì máa lọ.

Ti àwọn onídùúró yẹn gan-an, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ènìyàn mẹ́ta tó mọwọ́ ara wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦300,000 nínú ẹgbẹ́. Òfin ẹgbẹ́ ní ènìyàn lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní bó bá ti ní onídùúró méjì. Ẹni àkọ́kọ́ yá ₦600,000, àwọn méjì yòókù dúró fún un. Ẹni kejì yá ₦600,000, àkọ́kọ́ àti ìkẹta dúró. Ìkẹta náà yá tirẹ̀, àkọ́kọ́ àti ìkejì dúró. Lórí ìwé, kò sí gbèsè tí kò ní onídùúró méjì. Ṣùgbọ́n gbèsè ti di ₦1,800,000, gbogbo ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi pamọ́ kò ju ₦900,000 lọ. Ta ló dúró fún ₦900,000 tó kù? Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni: agbálẹ̀, awakọ̀, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Owó wọn ti dúró fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta bá já pa lọ sí Kánádà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lára àwọn méjì tó kù, àwọn náà á máa sunkún kiri pé ọ̀rẹ́ ti dalẹ̀ àwọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kì í pariwo tó ìyẹn. Bí gbèsè ẹni wọn bá ti fẹ́ yọjú síta, wọ́n á fún un ní lóònù tuntun kó fi san ti àtijọ́. Ìwé á mọ́ roro. Àwọn baba wa ní a-yá-ẹgbàafà-kò-san, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ní ẹgbẹ́ òde òní, àwọn alákòóso ló ń gbé àdá wá bá a gé igi náà kúrò lọ́nà.

Ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún ló yẹ kó tú gbogbo rẹ̀ síta. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ rí i. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ha ìwé ìṣirò ọdún, tí ó yẹ kó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ti Mùsùlùmí àti ti Kristẹni, gùn ju ìjábọ̀ akápò lọ. Kí ènìyàn tó ṣí ojú ewé kẹta, ẹnì kan lẹ́yìn ti nawọ́ pé òun dábàá kí ilé tẹ́wọ́ gba ìjábọ̀, òmíràn ti kín in lẹ́yìn. Òórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti gba gbogbo abẹ́ kánópì, agboòrùn tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ti wà nínú ọ̀rá lẹ́bàá ògiri. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lásìkò yẹn, òun ló ń dá oúnjẹ dúró.

Bó bá sì béèrè náà, tó ní kí wọ́n ṣàlàyé owó tó wà lábẹ́ "gbèsè tí à ń retí", ohun tí yóò gbọ́ láti ẹ̀yìn ni, "Ta ló rán an?" Wọ́n á wo ìlú tó ti wá, wọ́n á wo ẹni tó bá díje ní ìdìbò tó kọjá. Ìbéèrè lórí owó ni, ìdáhùn lórí ìran ni wọ́n fún un. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tó bá sọ, ohùn àwọn ará ibì kan ni; kì í ṣe ohùn ẹni tó ní ₦450,000 nínú ẹgbẹ́ mọ́. Ìdìbò náà kò sì le: WhatsApp ni wọ́n ti tò ó láti alẹ́ àná, ẹni tí ipò kàn àti ẹni tí wọn yóò fi gbè é.

Àwọn 28 tó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, tí alájẹṣẹ́kù gbogbo ayé ń tọ́ka sí bí àwọn aṣáájú, mọ irú ìjàǹbá yìí. Ìsìn wọn kò dọ́gba, òṣèlú wọn kò dọ́gba. Wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà wọn, wọ́n ní ènìyàn kan, ìbò kan, ì báà jẹ́ olówó púpọ̀ tàbí olówó kékeré. Òfin alájẹṣẹ́kù ti ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe ní 1993, gbà bẹ́ẹ̀ náà. Kò sọ pé ìlú kan, ìbò kan. Ó fún àwọn ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ láṣẹ láti yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò. Wọ́n ń gbìyànjú, àmọ́ ìwé ni wọ́n lè yẹ̀ wò. Ìbátan kì í hàn nínú ìwé.

Ẹ̀bi náà kò sì pin sọ́rùn àwọn alákòóso. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ti gé owó alájẹṣẹ́kù lára òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù tí wọn kò fi í ránṣẹ́. Ìwà ọ̀daràn gbáà ni lójú tèmi, ó sì dá kún ohun tí mò ń wí: nígbà tí owó kò bá kárí ni ojúsàájú ń fi gbogbo ara hàn. Ìgbà náà ni wọ́n ń rántí pé ibi tí wọ́n bá so ewúrẹ́ mọ́ ni í ti í jẹ. Ewúrẹ́ ni wọ́n wí, wọn kò wí pé akápò.

Ẹni tó ń rí gbogbo rẹ̀ gbà sára jù ni ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ó pé ẹni 60 ọdún, ìjọba ní kó máa lọ sinmi. Owó rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́, kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Ó kọ lẹ́tà. Wọ́n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ dé, wọ́n ní ìjọba ò tíì fi owó ránṣẹ́. Ẹ ó rí i lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn akọ̀wé, àpò ọ̀rá dúdú lórí itan rẹ̀, káàdì ìfowópamọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá náà, etí káàdì ti ṣí, wọ́n fi tépù lẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí. Bó bá ti rí i, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi, ẹ kú ìrìn," á rán ọmọ kan lọ ra ohun mímu tútù wá, á béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó ọ̀gá. Á sìn ín dé ìdí ọkọ̀, á fi ₦2,000 sí i lọ́wọ́ fún owó mọ́tò. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, yóò fọwọ́ sí lóònù mẹ́rin fún àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mi ò rò pé akọ̀wé yìí ń ṣe àgàbàgebè. Inú rẹ̀ dùn láti rí ọ̀gá rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò ní ìbò lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí nínú ẹ̀ka kankan, kò sí lójú WhatsApp kankan, àwọn tí wọ́n jọ ń gbe ara wọn lẹ́yìn ti fẹ̀yìn tì bíi tirẹ̀ tàbí kí wọ́n ti kú. Kò tún sí ẹni tí yóò wí fún alága pé ẹni wa ni, ẹ fún un. Ohun tó kù fún un nínú ìwà ọmọlúàbí tí a fi ń yangàn ni ìdọ̀bálẹ̀ àti ìgò ohun mímu kan. A ti kọ́ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà dáadáa láì dá owó rẹ̀ padà fún un.

Ẹ̀yin tí ìpàdé ọdọọdún yín ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Kí wọ́n tó kéde ìpín èrè, ẹ ní kí akọ̀wé dìde, kó ka orúkọ gbogbo àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tí wọn kò tíì rí owó wọn gbà, iye tí wọ́n ní, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà. Kó kà á sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ka orúkọ àwọn tí gbèsè wọn ju owó wọn lọ, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó dúró fún wọn. Bí ẹni yín bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é. Ẹ má sì gba ìpín èrè ọdún yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi san owó àwọn àgbà wọ̀nyẹn tán.